Ẹ Tú Ẹrù Náà Lójú Ẹni Tó Fẹ́ Gbé E

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Òkè-Ọdẹ, bí wọ́n bá ti ní ọmọ lágbájá ń padà sí London lọ́jọ́ Àìkú, mo mọ bí ilé ṣe ń rí. Wọ́n á ku èlùbọ́, wọ́n á lọ ata, wọ́n á di irú gbígbẹ sí ọ̀rá méjì-mẹ́ta. Ọmọ tó wà nínú òtútù, tó wá rí èlùbọ́ ilé, bí ẹni rí ìyá rẹ̀ ni. N kò ní kí ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má fi téèpù lẹ ẹnu ẹrù pa kó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e.

Orúkọ tó wà lára ẹrù ni aṣọ́bodè máa ń pè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kano ní Saudi Arabia nítorí báàgì tí wọ́n bá tramadol nínú rẹ̀. Òun kọ́ ló ni ín. Àwọn ìkà kan ló so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ikú sì ni òfin ibẹ̀ lè dá fún ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé. Ìjọba Nàìjíríà dá sí i kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ọmọ yẹn kò gba ẹrù ẹnikẹ́ni o! Kí ni ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹrù dídì yóò wí?

“Ẹ bá mi fi kékeré yìí kún un” tí aládùúgbò máa ń wí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ da èlùbọ́ sórí àtẹ, kí arìnrìn-àjò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Kó tú irú. Kó la ọṣẹ dúdú sí méjì, torí inú oúnjẹ àti ọṣẹ ni àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ń bá oògùn. Bí aládùúgbò bá bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tú u.

Ẹ yọ ẹran ìgbẹ́ àti wàrà kúrò: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà wọ́n láti ọ̀dọ̀ wa, bó ti wù kí wọ́n gbẹ tó. Ẹja gbígbẹ lè wọlé bí kò bá ju kílò 20 lọ.

Ẹ yọ ẹ̀wà pẹ̀lú. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò inú ọtapíápíá. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n gbà. Wọ́n bá tó 4.6 nínú òmíràn. Ẹ̀wà tí wọ́n dá padà yẹn, irú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa ń jẹ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, dípò ọtapíápíá, ẹ sá ẹ̀wà ilé kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí yóò kú síbẹ̀.

Bí gbogbo ẹrù bá ti wọ àpò tán, ẹ gbé téèpù fún arìnrìn-àjò, kó lẹ ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀.