Ẹ Ní Èèyàn Kí Ẹ Tó Ní Ilẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé Abúlé Jáfà

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá dé abúlé kan lábẹ́ òkè Merapi, ní erékùṣù Jáfà ní Indonéṣíà, yóò rí oko ìrẹsì tí omi dúró sí rẹrẹ. Yóò rí ilé onígi tí wọ́n ń pè ní joglo, tí òrùlé rẹ̀ ga sókè láàárín. Yóò gbọ́ iye tí wọ́n dá lé e, ọkàn rẹ̀ yóò sì fà sí i. Ojú rẹ̀ kò rí òfin tó de ilẹ̀ náà. Kò rí àwọn àbúrò onílé tó wà ní Jakarta, tí ogún náà kàn. Kò sì rí i pé àdúgbò ti ń wò ó, pé wọ́n fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìgbéyàwó gbé débẹ̀, tó sì ń ronú àtifìdí kalẹ̀, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní èèyàn kí ẹ tó ní ilẹ̀. Bí ẹ bá sì máa ní ilẹ̀, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà.

Òfin ilẹ̀ tí Indonéṣíà ṣe lọ́dún 1960 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ló lè ní ilẹ̀ ní ìní pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní hak milik. Àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin lè gba ẹ̀tọ́ àtilò, hak pakai. Ìlànà ìjọba ti ọdún 2021 fi èyí sí ọdún 30. Wọ́n lè fi 20 kún un, wọ́n sì lè tún un gbà fún 30 mìíràn. Àmọ́ ìjọba ti fi gbèdéke sí iye owó tó kéré jù fún ilé tí àjèjì lè rà, iye náà sì sábà máa ń ju ti ilé abúlé lọ fíìfíì. Ní tèmi, kí ẹ háyà ilé fún ọdún díẹ̀ ló bá abúlé mu jù. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà wà ní kíkọ lọ́dọ̀ notaris, òṣìṣẹ́ òfin tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí gbogbo ẹni tí ogún kàn sì fọwọ́ sí i, títí dé èyí tó wà lókè òkun.

Àwọn kan á wá bá yín pé ẹ fi orúkọ ọmọ ìlú rà á, kí ẹ sì ṣe ìwé mìíràn lábẹ́lẹ̀ tí yóò sọ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ni ín. Ẹ má gbọ́ tiwọn o. Òfin 1960 yẹn kan náà sọ pé ìdúnàádúrà tó bá fi ilẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́, ì báà jẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, owó tí ẹ san kò sì ní ṣeé gbà padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sì sábà máa ń bá a lọ́jọ́ tí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rà á bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá bèèrè ìwé baba wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí tọkọtaya bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, àjọní ni lójú òfin. Nítorí náà ni ìyàwó tàbí ọkọ tó jẹ́ ọmọ ìlú fi lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí hak milik, àfi bí àdéhùn bá ya ohun ìní àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, kí ìgbéyàwó tó wáyé nìkan ni wọ́n lè ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà dájọ́ pé tọkọtaya lè ṣe é nígbà tí wọ́n ti jọ ń gbé. Ó le láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú àna, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí àjèjì bá sì jogún ilẹ̀ lọ́dọ̀ aya tàbí ọkọ rẹ̀, ọdún 1 péré ni òfin fún un láti gbé e fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹni tó ti bá ọmọ onílẹ̀ fa ọ̀rọ̀ rí ní Ìkòròdú kò ní í sùn lọ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abúlé ni kò tíì ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2017 ni PTSL, ètò ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìjọba, ti ń wọn ilẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Ohun tí onílẹ̀ á gbé jáde ni girik tàbí Letter C, àkọsílẹ̀ owó orí àtijọ́. Ó fi hàn pé ẹnì kan san owó orí. Kò fi hàn pé ẹni náà ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn sì wà tó ń jẹ́ bengkok, tí abúlé fi ń san owó iṣẹ́ fún olórí abúlé àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò nípò ni agbára wọn lórí rẹ̀ tán, ẹ má ṣe bá wọn ṣe àdéhùn tó gùn ju ìyẹn lọ. Bí àna yín bá sì fẹ́ fi oko ìrẹsì dógò lọ́wọ́ yín, bí àwọn baba wa ti ń fi oko kòkó ṣe, ẹ mọ̀ pé òfin ọdún 1960 mìíràn sọ pé bí ó bá ti pé ọdún 7, oko gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ olóko láìsan kọ́bọ̀. Mo gbà pé òfin náà dára. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò tó ìdajì hẹ́kítà pọ̀ ní Jáfà, oko yẹn sì ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ èèyàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ lọ rí Pak RT, olórí agbo ilé díẹ̀ tó yí yín ká. Àkọlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé ti sọ pé kí àlejò fi ara hàn láàárín wákàtí 24. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, wọ́n máa ń fi ife kékeré kọ́ iwájú ilé, onílé á bu ìrẹsì díẹ̀ tàbí owó wẹ́wẹ́ sí i, àwọn tó ń ṣọ́ òru á kó o jọ fún ìnáwó àdúgbò. Jimpitan ni wọ́n ń pè é. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ife tó bá ṣófo níwájú ilé yín ń sọ̀rọ̀ nípa yín. Bí ìṣọ́ òru bá kàn yín, ẹ má fi owó rán ẹlòmíràn. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ bá wọn mu kọfí.

Ẹ wọ arisan pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní èésú. Kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò kó owó nìkan ló lè ṣàjèjì sí i. Clifford Geertz, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gbé ní ìlà-oòrùn Jáfà, kọ̀wé nípa arisan lọ́dún 1962, ó sì fi èésú tiwa wé e. Ẹ má sì ṣàìjẹ́ ìpè sàárà tí wọ́n ń pè ní slametan. Bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́, ẹ ká ṣòkòtò. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì lágbègbè Yogyakarta lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2006, tó pa èèyàn tó ju 5,000 lọ, àwọn ará abúlé Ngibikan fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ilé 65 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, Eko Prawoto tó ń yàwòrán ilé ló tọ́ wọn sọ́nà.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà débẹ̀. Láàárín 1831 sí 1872, Họ́lándì tó ń ṣàkóso Jáfà nígbà náà kó nǹkan bí 3,000 ọkùnrin láti Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, lọ ṣe ológun fún un. Lọ́dún 1859, wọ́n fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ ní Purworejo, tó di àdúgbò àwọn adúláwọ̀. Nígbà tí Indonéṣíà gba òmìnira, tí Họ́lándì kúrò, ọ̀pọ̀ ìdílé wọn náà kó lọ. Ọwọ́ alágbára ni ilẹ̀ wọn ti wá, mo sì rò pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣeé dúró lé lórí.

Ní ti ìrìn àjò, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ gbé láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá. Ẹ̀yìn ìyẹn, ọ̀kadà tiwọn, ojek, ni yóò gbé yín wọ abúlé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin, òjò lè mú kí òkè ya bo ọ̀nà. Merapi fúnra rẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ni. Ó pa èèyàn tó ju 300 lọ ní 2010, nítorí náà ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń sá lọ kí ẹ tó háyà ilé. Bí ẹ bá ń kọjá níwájú àgbà, ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, kí ẹ sì wí pé nuwun sewu. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, tí àwọn èèyàn ìlú ńlá ń rọ́ lọ sílé, ẹ má rìn rárá. Ẹ dúró sí abúlé, ẹ ra ìpápánu sílẹ̀ fún àlejò, kí ẹ sì jáde lọ kí àwọn aládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹni tó dàgbà jù.