Ìṣàpèjúwe àti Ìpínsísọ̀rí Ẹ̀yà Ewéko Tuntun nínú Ìdílé Ẹ̀wà: Àpẹẹrẹ Igi Jueirana-facão ti Ilẹ̀ Bràsíl

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń gbà ṣàpèjúwe ẹ̀yà tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì kọ sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń wá àyè fún un láàrin àwọn ìbátan rẹ̀. Igi jueirana-facão ti ilẹ̀ Bràsíl, tí ó gba orúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 2017, ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ; àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà tí àwùjọ Yorùbá mọ̀ dunjú ni ó sì fi ṣe àlàyé. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìfiwéra ni ìpìlẹ̀ ìsọlórúkọ. Ìrísí òde tàbí ìwúlò nìkan kò tó láti fi mọ ìbátan ewéko, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí àwọn ará ìlú fún ewéko kì í ṣe ohun tí olùṣèwádìí gbọdọ̀ kó dànù.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ọmọ ènìyàn bá ti ewéko mu pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí ewéko tí kò rí irú rẹ̀ rí kò lè kéde pé ẹ̀yà tuntun ni, àfi bí ó bá kọ́kọ́ wo ìdílé tí ó ti jáde, tí ó fi í wé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì rí i pé kò sí èyí tí ó jẹ́ òun gan-an nínú wọn.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, "tuntun", yé akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àná ni ewéko náà hù. Ó lè jẹ́ igi tí àwọn baba ńlá àwọn ará agbègbè kan bá láyé, tí wọ́n sì ti fún ní orúkọ. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ìlànà tí gbogbo onímọ̀ ewéko lágbàáyé fi ẹnu kò sí.

2.0 Ìdílé Ẹ̀wà àti Àwọn Ìpín Rẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yà ni ọ̀wọ́ ewéko tí ó ní àbùdá kan náà, tí àbùdá náà sì ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ìran ni àkójọ àwọn ẹ̀yà tí ó bá ara wọn tan pẹ́kípẹ́kí. Ìdílé sì ni àkójọ àwọn ìran. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń wà nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì: èkíní ń tọ́ka sí ìran, èkejì ń ya ẹ̀yà náà sọ́tọ̀. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fi ìlànà yìí múlẹ̀ fún ewéko nínú ìwé rẹ̀, Species Plantarum, ní ọdún 1753. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń jẹ́ Vigna unguiculata. Vigna ni orúkọ ìran rẹ̀.

Ìdílé ẹ̀wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fabaceae tàbí Leguminosae, ní nǹkan bí ìran 765 àti ẹ̀yà 19,500. Òun ni ó ṣe ìkẹta nínú àwọn ìdílé ewéko olódòdó tí ó ní ẹ̀yà pọ̀ jù lọ. Èso ni ó so wọ́n pọ̀: èèpo kan tí kóró tò sínú rẹ̀, tí ó sábà máa ń là sí méjì bí ó bá gbẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ẹ̀wà. Síbẹ̀, èèpo ẹ̀pà kì í là fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀, àwín sì rí roboto. Èyí fi hàn pé àmì kan ṣoṣo kò tó gbé ìdájọ́ kà.

Fún ìgbà pípẹ́, ìpín mẹ́ta ni àwọn ìwé ń pín ìdílé yìí sí, ìrísí òdòdó sì ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìpín mẹ́fà jáde, lẹ́yìn tí ẹ̀rí DNA ti fi hàn pé àwọn kan tí òdòdó wọn jọra kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́. Márùn-ún nínú ìpín mẹ́fà náà ni ó ní ewéko tí Yorùbá mọ̀:

(i) Papilionoideae: ẹ̀wà, ẹ̀pà, òtílí àti wèrèpè;
(ii) Caesalpinioideae: irúgbá àti patanmọ́;
(iii) Detarioideae: àjàgbọn;
(iv) Cercidoideae: àbàfẹ̀;
(v) Dialioideae: àwín.

Ìkẹfà, Duparquetioideae, kò ní ju ẹ̀yà kan ṣoṣo lọ, èyí tí ó ń hù nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín-gbùngbùn Áfíríkà.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú àtòjọ yìí. Àwín àti àjàgbọn jọ ń kan lẹ́nu, àwọn ọmọdé sì ń lá méjèèjì, ṣùgbọ́n ìpín wọn yàtọ̀. Wèrèpè àti èsìsì jọ ń yún ni lára, síbẹ̀ wèrèpè jẹ́ ọmọ ìdílé ẹ̀wà, èsìsì kò sí nínú ìdílé náà rárá. Ohun tí ewéko ń ṣe fún ènìyàn, tàbí tí ó ń fi ojú ènìyàn rí, kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan.

3.0 Àwọn Ìgbésẹ̀ Ìṣàpèjúwe

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìkójọ. Olùṣèwádìí yóò gé ẹ̀ka tí ó ní ewé, òdòdó àti èso bí ó bá ṣeé ṣe. Yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò sì gbẹ ẹ́. Yóò kọ ibi tí ó ti rí i, ọjọ́ tí ó gé e, gíga rẹ̀, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àkọsílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ewé bá gbẹ, àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ yóò ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìfiwéra. Ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni olùṣèwádìí yóò ti gbé èyí tí ó mú bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ó ti wà nílẹ̀, tí yóò sì ka ohun tí àwọn aṣáájú kọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n pè ní tuntun nínú igbó ni ó ń di ti àtijọ́ níbi tábìlì yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyan àpẹẹrẹ ìpìlẹ̀, ìyẹn ewéko gbígbẹ kan pàtó tí orúkọ náà yóò máa dúró lé lórí títí láé. Láti ọdún 1958 ni òfin ìsọlórúkọ ewéko ti sọ èyí di dandan. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àpẹẹrẹ yìí ni wọn yóò padà lọ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kíkọ àpèjúwe àti títẹ̀ ẹ́ jáde. Olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ sọ ní ṣókí ohun tí ó ya ẹ̀yà náà sọ́tọ̀ lára èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Èdè Látìn ni ó pọn dandan fún àpèjúwe bẹ́ẹ̀ títí di ìparí ọdún 2011. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni òfin gbà láàyè.

4.0 Igi Jueirana-facão

Ní ọdún 1922, onímọ̀ ewéko Adolpho Ducke ṣàpèjúwe igi ńlá kan ní igbó Amazon, ó sì pè é ní Dinizia excelsa. Fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, òun nìkan ni ẹ̀yà tí ó wà nínú ìran Dinizia. Ní ọdún 2017, Gwilym Lewis ti ọgbà ewéko Kew ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti Geovane Siqueira ti Reserva Natural Vale ní Bràsíl tẹ àpèjúwe ẹ̀yà kejì jáde nínú jọ́nà Kew Bulletin. Ìpínlẹ̀ Espírito Santo ni igi náà wà, nínú igbó ẹ̀bá òkun Àtìláńtíìkì. Ó ga tó mítà 40. Èso rẹ̀ le bí igi, ó sì gùn tó nǹkan bí ìdajì mítà.

Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe ìbá ti gbà wọlé. Ẹnìkan ìbá wò ó pé Dinizia excelsa náà ni ó rìn jìnnà dé ẹ̀bá òkun. Ẹlòmíràn ìbá wo títóbi èso rẹ̀, kí ó sì dá ìran tuntun sílẹ̀ fún un. Ìfiwéra ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àbùdá tí igi méjèèjì jọ ní pọ̀ tó láti fi wọ́n sínú ìran kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà lára ewé, ìtò òdòdó àti èso wọn sì dúró ṣinṣin láti igi dé igi, nítorí náà ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ibùgbé wọn náà kín in lẹ́yìn: ilẹ̀ gbígbẹ tí ó gbòòrò ni ó la igbó Amazon àti igbó Àtìláńtíìkì láàrin.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019 mú kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ hàn kedere. Wọ́n rí igi kan ní Amazon tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 88.5, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì jueirana-facão lọ. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀yà tuntun. Dinizia excelsa ni, nítorí pé gíga lásán kì í ya ọmọ kúrò nínú ẹ̀yà rẹ̀.

Nígbà tí àpèjúwe náà jáde, nǹkan bí igi 25 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó wà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ìdáàbòbò náà. Níbi tí ìsọlórúkọ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé nìyí. Igi tí kò ní orúkọ sáyẹ́ǹsì kò lè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà tí ó wà nínú ewu. Bí wọ́n bá gé èyí tí ó kẹ́yìn, wọn yóò kàn kà á mọ́ excelsa tàbí igi oko ni. Ẹni tí a kò mọ̀ láàyè, kò sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tí ó kú.

5.0 Orúkọ Ìbílẹ̀ àti Orúkọ Sáyẹ́ǹsì

Dinizia jueirana-facao ni orúkọ tí àwọn olùṣèwádìí náà yàn. Orúkọ tí àwọn ará agbègbè ń pe igi náà ni wọ́n mú wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kejì. Ní èdè Potogí, àdá ńlá ni facão. Èso igi náà ni ó jọ àkọ̀ àdá. Irú ọgbọ́n ìsọlórúkọ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìrísí kóró ni ó bí orúkọ ojú ológbò. Ìṣesí ewé tí ó ń pa ara dé bí a bá fọwọ́ kàn án ni ó bí patanmọ́. Àwọn méjèèjì, ọmọ ìdílé ẹ̀wà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù lójú ọ̀nà. Òfin ìsọlórúkọ ewéko kò gba àmì orí ọ̀rọ̀, nítorí náà facão di facao. Olùkọ́ èdè Yorùbá mọ ohun tí èyí lè fà. Bí àmì ohùn bá kúrò lórí igbá tí a ń gé, ìgbá tí a ń jẹ àti igba tí a ń kà, kò sí bí òǹkàwé ṣe lè dá wọn mọ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti lo orúkọ Yorùbá nínú ìmọ̀ ewéko, ó yẹ kí àkọtọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wà nínú àlàyé.

6.0 Àmúlò nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú èso ewéko márùn-ún ìdílé ẹ̀wà wá. Kí ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan wèrèpè. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ àbùdá ewé, òdòdó àti èso sílẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ewéko náà. Kí wọ́n sì kọ orúkọ tí àwọn àgbà ìlú wọn ń pè é, ní ẹ̀ka-èdè wọn, pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tò wọ́n sí ìsọ̀rí, kí ẹgbẹ́ kan sì bi èkejì ní ẹ̀rí. Èyí yóò kọ́ wọn pé àpèjúwe ni ó ń ṣáájú orúkọ, ẹ̀rí ni ó sì ń ṣáájú ìdájọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìfiwéra tí ó ní sùúrù ni ó ń sọ ewéko di ẹ̀yà tuntun nínú ìwé, pé ìrísí òde àti ìwúlò lè tan ni jẹ, àti pé orúkọ ìbílẹ̀ lè wọ inú orúkọ sáyẹ́ǹsì láìtẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ewéko igbó ń dín kù lójoojúmọ́, igbó náà sì ń dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá kọ orúkọ kan sílẹ̀ dáadáa lónìí, pẹ̀lú àmì ohùn, ibi àti ọjọ́, ti ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè parí lọ́la.