Orúkọ Oǹkà Lẹ́nu Ọmọdé

Bí àwọn òbí àti olùkọ́ àdúgbò kan bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn yóò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí àwọn ọmọdé yóò fi ìṣirò ṣeré, kí ìfẹ́ rẹ̀ lè wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú kì í ṣe àga tàbí ìpápánu, bí kò ṣe ẹnu ẹni tí yóò bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Nítorí láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, ọmọ tí a kò sì là lóye ohun tí orúkọ oǹkà ń wí yóò máa sá fún ìṣirò títí ọjọ́ alẹ́.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a sì ń kó sínú wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kan kà wọ́n. Méjìdínláàádọ́ta ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ wá bi í léèrè bí orúkọ náà ṣe rìn. Àwọn baba ńlá wa, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó di ọgọ́ta. Wọ́n yọ ẹ̀wá, ó ku àádọ́ta. Wọ́n tún yọ èjì, ó ku méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí ó bá pe orúkọ yìí já ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àti ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa ẹnu dé. Ẹ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dán àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ wò: igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, bí a bá yọ ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, 500 ni yóò kù.

Ṣùgbọ́n kí atọ́kùn ètò ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí a bá ń ka oǹkà lásán, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún ni a ń wí. Bí a bá dárúkọ ohun tí a ń kà, ó di ọmọ ayò kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tí ó ní kí á fún àwọn ọmọ ní ìwé mẹ́rin mẹ́rin fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba mẹ́rin; ẹni tí ó ní kí á kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́kù nínú mẹ́rin tí ó wà. Láti orí mọ́kànlélógún dé mẹ́rìnlélógún, lílé ni à ń lé. Tí ó bá ti di márùn-ún, dídín ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì wí pé márùndínlọ́gbọ̀n. "Ogún àti márùn-ún" kì í ṣe orúkọ 25.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá kò lè gbé ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí a sì fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò gbẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi falẹ̀, nítorí ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹ wá àgbà tí ó mọ ayò ta, ẹ sì kìlọ̀ fún atọ́kùn kí ó má pe méjìdínláàádọ́ta ní fọ́tì-éètì.