Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ń fi alùpùpù kó ẹrù láti Igbole lọ sí Ìfàkì tàbí Ìdó, pàápàá ẹni tó ṣì ń san ẹ̀yáwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí alùpùpù bá forí gbá nǹkan, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tó di táyà mú ló sábà máa ń jẹ ìyà náà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ṣọ́ọ̀kì iwájú. Páìpù dídán kan ló ń wọ inú èkejì. Sípíríǹgì àti ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kó máa fò sókè sódò. BMW ti Jámánì ló kọ́kọ́ ta irú ẹsẹ̀ olọ́ìlì yìí fún aráyé ní 1935.

Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn ṣáásì lábẹ́ táǹkì. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti sán, tàbí tí irin rẹ̀ ká jọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹsẹ̀ tuntun sí ọrùn tó ti wọ́, owó rẹ̀ ló sọ nù, alùpùpù á ṣì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń yáwó lé owó. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì ti wo ọrùn kí ẹ tó kọ̀wé ẹ̀yáwó àtúnṣe, kí ẹ sì kọ iye ẹsẹ̀ méjèèjì, rọ́bà, ọ́ìlì àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sóhun tó tẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ kàn yí nínú irin tó dì í mú ni. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì, ẹ fi orúnkún há táyà, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ yọ páìpù náà, kí ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti tẹ̀.

Mẹkáníìkì lè ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi iná sí i, n ó nà án, á tọ́.” Ẹ ní rárá. Iná ti gba agbára irin yẹn. Dídán rẹ̀ á bó, á dípẹtà, ara rẹ̀ á rí gbágungbàgun, á gé rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ọ́ìlì á sì máa kán sí bíréèkì. Ibi tó ti ká jọ náà ló sì lè dá lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé èrò sẹ́yìn bọ́ sí kòtò.

Tòkunbọ̀ kò burú bó bá tọ́. Ẹ yí òun náà lórí gíláàsì kí ẹ tó sanwó. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ wọ̀n ọ́n, torí ti Bajaj kì í ṣe ti Honda.

Níbi pípààrọ̀, ẹ fi àpótí gbé ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ rọra tú ọmọrí orí ẹsẹ̀, sípíríǹgì ń tì í láti ìsàlẹ̀, ó lè ta síni lójú. Kí gíga ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, kí ọ́ìlì wọn náà dọ́gba, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ ni kí ẹ bù, kì í ṣe ti ojú lásán. Ẹ di bíréèkì mú, ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó lè jókòó, kí ẹ tó dè é pinpin. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí wáyà kankan má ṣe fà. Ẹ wá fi òfìfo gùn ún díẹ̀, kí ẹ padà dán gbogbo nọ́ọ̀tì wò, kí ẹ tó di iṣu lé e.