Gẹ̀gẹ̀ àti Ẹ̀yà Abẹ́-Gògóńgò
Ní 1872 ni Theodor Kocher di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Bern, ní Switzerland, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ní 1883, ó ròyìn pé ọ̀pọ̀ onígẹ̀gẹ̀ tí ó gé gbogbo ẹ̀yà tí ó wú náà kúrò lọ́rùn wọn ni ojú wọn wú, tí ìrònú wọn sì lọ́ra. Ohun tí ẹ̀yà náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣaláìní. Láti ìgbà náà, ó ń dá díẹ̀ sí. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1909.

Ó yẹ kí olùtumọ̀ kíyè sí èyí. Orúkọ àìsàn ni gẹ̀gẹ̀. Bí a bá fi pe ẹ̀yà ara náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé gígé e dànù ni ìwòsàn. ‘Ẹ̀yà abẹ́-gògóńgò’ tọ́ka sí ibi tí ó wà. Kí ‘gẹ̀gẹ̀’ jẹ́ wíwú rẹ̀ nìkan.