Ìpáàrà Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìjàpá

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ jórin-jórin, a ra ògbólógbòó Volkswagen kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ìjàpá. Òkè rẹ̀ ń dán. Àfi ìgbà tí a gbé àga ẹ̀yìn kúrò! Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé. Omi rẹ̀ ti jẹ irin náà lu. Ìpáàrà sì ti mú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tó so òkè ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. A fi òòlù kàn án: ibi tó le ń dún ko-ko, ibi tó jẹrà ń dún bíi páálí.

Ẹ má jó irin tuntun mọ́ irin jíjẹrà o! Kò ní í pẹ́ já. Ẹ gé e títí ẹ ó fi kan irin tó mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin kan dábùú àyè ilẹ̀kùn náà. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́, a sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ yọ bátìrì àti táǹkì epo, kí ẹ gbé wọn jìnnà. Ẹ má fi páànù òrùlé lẹ̀ ẹ́. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára. Díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún ni kí ẹ máa jó o, kí iná má baà ká irin kò. Ẹ kun ọ̀dà sí i nínú àti lóde. Kí ọ̀gá tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí èrò tó wọ̀ ọ́.