Ṣé Ọmọ Yìí Ṣì Wà Nílé Ìwé? Ẹ̀kọ́ Lórí Owó Ìrànwọ́ Ọmọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kan àpò gbogbo wa. Ó dá lórí bí a ó ṣe mọ̀ dájú pé ọmọ tí ẹgbẹ́ fẹ́ fún lówó ìrànwọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní síkọ́láṣíìpù, wà nílé ìwé lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwa tí a wà nídìí ìwé la ṣe àṣìṣe, a ò ní di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú lẹ́tà ìgbàwọlé rẹ̀ wá. Ìwé náà mọ́, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, a sì sanwó fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wá gbọ́ pé ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ayédèrú o. Òótọ́ ni wọ́n gbà á wọlé, àmọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́dún kan náà, a yọ orúkọ ọmọ opó kan kúrò, torí pé orúkọ tó wà lórí rìsíìtì rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ìyá rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù wa. Ọmọ yẹn wà ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ní láti ta ẹrù láìjèrè kí ọmọ tó rówó san. Ẹni tí kò sí nílé ìwé jẹ, ẹni tó wà níbẹ̀ ò rí jẹ. Ìwé la wò, a ò wádìí.

ÀPẸẸRẸ KÁÀDÌ ÀJỌ

Gbogbo wa la mọ káàdì àjọ. Bí alájọ bá fún èèyàn ní káàdì, orúkọ onítọ̀hún wà lórí rẹ̀. Ṣé ìyẹn wá fi hàn pé ó dá ti oṣù yìí? Rárá o. Àfi kí alájọ sàmì sí i, kí ìwé ọwọ́ alájọ fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìwé. Lẹ́tà ìgbàwọlé ni káàdì. Ìforúkọsílẹ̀ ti ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni àmì. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ilé ìwé ni ìwé alájọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.

OHUN TÍ A Ó MÁA WÒ

1. Ṣé ìjọba mọ ilé ìwé náà? Àjọ NUC ló ń mójú tó yunifásítì, NBTE ló ń mójú tó pólì, NCCE sì ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn ilé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní fóònù tó dáa lè bá wa wò ó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023: akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan kọ ọ́ síta pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí tó ń bọ̀ láti Benin àti Tógò wò dúró. Àwọn tó ń kàwé lóòótọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ ẹ wo bí ọwọ́ ẹni kan ṣe ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn.

2. Ṣé wọ́n gbà á wọlé? Fún ọmọ tó gba ọ̀dọ̀ JAMB wọlé, láti ọdún 2017 ni ìgbàwọlé ti ń gba orí ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS. Kí ọmọ ṣí ojú ewé tirẹ̀ níwájú wa. Orúkọ ilé ìwé àti iṣẹ́ tó ń kọ́ máa hàn níbẹ̀. Ẹ má gba nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o, òun fúnra rẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́.

3. Ṣé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí? Kó mú rìsíìtì owó ilé ìwé àti fọ́ọ̀mù àwọn iṣẹ́ tó ń kọ́ wá. Kí nọ́ńbà mátíríìkì orí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo ọdún tó wà lára wọn dáadáa. Rìsíìtì ọdún méjì sẹ́yìn, àkísà ni. Káàdì ìdánimọ̀ nìkan ò tó, torí ọmọ lè kúrò nílé ìwé kí káàdì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

4. Kí ni ilé ìwé fúnra wọn wí? Èyí lọ̀gá gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ á kọ̀wé sí ọ́fíìsì Rẹ́jísítírà pé: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yín ni ọmọ yìí, ọdún kelòó ló wà, ṣé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún ẹ̀kọ́ yìí? Ọmọ á fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda kí wọ́n dá wa lóhùn, torí òfin ọdún 2023 wà tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ oníkálukú. Èsì ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọmọ wá. Bí a bá sì fẹ́ pe ilé ìwé, nọ́ńbà tí ilé ìwé gbé síta la ó pè, kì í ṣe èyí tí ọmọ kọ fún wa.

Ní ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, rẹ́jísítà ni. Àwa tí a ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣebí tíṣà ń pe orúkọ wa láràárọ̀, à ń jẹ́ ẹ. Ká lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ká ní kó bá wa wo táàmù yìí.

Ẹ MÁ FI OJÚ OLÈ WO ỌMỌ

Ọmọ lè wà nílé kó má kúrò nílé ìwé. Lọ́dún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló bá wa pàtẹ nígbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n síbẹ̀. Ọmọ tí àìsàn dá dúró, tí ilé ìwé sì fún láyè kó sinmi, lẹ́tà wà tó máa fi hàn.

Ti orúkọ ńkọ́? A máa ń pe ọmọ ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin. Ọ̀kan wà lórí NIN, òmíràn wà lórí JAMB, ìyá tún kọ èyí tó fi ń kì í. Ẹ kọ orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ìwé sí fọ́ọ̀mù wa, ẹ jọ̀ọ́. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí ọmọ lọ búra ní kóòtù, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

TI ÌJỌBA ŃKỌ́?

Ọ̀nà yìí náà ni NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń gbà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Ilé ìwé gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè dá ọmọ mọ̀. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà JAMB, mátíríìkì, NIN àti BVN. Ọ̀dọ̀ ilé ìwé ni owó ilé ìwé ń lọ tààrà. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí ọmọ yín, ilé ìwé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ bá, kó má lọ sanwó fún àwọn alágbàṣe ìta. Ẹ má gbàgbé pé gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kò lélé lórí, àmọ́ ọmọ á san án.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ náà á máa san owó sí àpò ilé ìwé ní báńkì. Ọdọọdún la ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ìyálọ́jà àti ọmọ alábàárù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n á gbà. Bí ìwé ẹnikẹ́ni ò bá dọ́gba, a ó pe ìyá rẹ̀, a ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tún un ṣe kí a tó yọ orúkọ. Ìyá opó yẹn, a ti bẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ la ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́dún yìí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ tí a ń dá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, inú òógùn ló ti wá. Kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò lọ síbi tó ní òun ń lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà ìgbàwọlé àti ìforúkọsílẹ̀ ọdún yìí?
2. Kí nìdí tí èsì ilé ìwé ò fi gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọmọ wá?
3. Ṣé orúkọ ọmọ yín bára mu lórí gbogbo ìwé rẹ̀? Ẹ lọ wò ó lálẹ́ òní.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè ọmọ o. Ó dìgbà kan ná.

Àwa akọ̀wé yín